Omi Lásán Kì Í Rùn

Ẹ̀yin ará Bassila àti Manigri, ta ni imú rẹ̀ kò mọ gọ́tà ẹ̀yìnkùlé àwọn tó ń ṣe wàrà sójà? Wọ́n á da omi ògì kíkan sí mílíìkì sójà tó ń hó, á dì, wọ́n á fi aṣọ fún un. Omi rúsúrúsú tó bá ṣẹ́kù, gọ́tà ló ń lọ. Bó bá dọjọ́ kejì, ẹ di imú yín.

Oúnjẹ ló ń rùn níbẹ̀: purotéènì àti àmínò ásíìdì tí ara ọmọ fi ń dàgbà. Ọ̀kan nínú àwọn àmínò ásíìdì náà, lysine, kò tó nínú àgbàdo tí a fi ń ṣe ẹ̀kọ. Hóró sójà yìí náà ni ìjọba Benin fòfin de kíkó rẹ̀ lọ sílẹ̀ òkèèrè, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ 1 oṣù kẹrin ọdún 2024. A ṣọ́ hóró ní bodè, a ń da oúnjẹ inú rẹ̀ sí gọ́tà!

Asẹ́ lè kó oúnjẹ náà jáde nínú omi, nígbà mìíràn pẹ̀lú èròjà tó jẹ́ ìbátan ọṣẹ. Ọ̀rọ̀ kan tí àwọn èèyàn ń sọ nípa rẹ̀ ló ń bí mi nínú jù: "Ọṣẹ ni wọ́n fẹ́ ká jẹ." Ta ló ní kí ẹ jẹ ọṣẹ? Àmínò ásíìdì kéré débi pé ó ń yọ́ gba ihò asẹ́ kọjá. Bí èròjà tó jẹ́ ìbátan ọṣẹ bá pọ̀ tó nínú omi, á ṣù jọ. Bí omi náà bá kan gan-an, àmínò ásíìdì á lẹ̀ mọ́ ìṣù náà, asẹ́ á dá wọn dúró. Bí wọ́n bá wá pa kíkan omi, àmínò ásíìdì á já kúrò, á kọjá. Ìṣù ọṣẹ á kù lẹ́yìn. Òótọ́ ni pé ọṣẹ díẹ̀ lè bá a kọjá. Nítorí náà, kí apá ọlọ́ṣẹ yẹn ṣì wà lọ́wọ́ àwọn onímọ̀. Asẹ́ tí kò lọ́ṣẹ nínú la ó fi bẹ̀rẹ̀, òun náà ń dá purotéènì dúró. Àwọn oníwàrà Yúróòpù da omi tiwọn sódò fún ìgbà pípẹ́. Lónìí wọ́n ń sẹ́ ẹ, wọ́n ń gbẹ ẹ́, wọ́n sì ń tà á fún wa nínú agolo mílíìkì ọmọ. Ẹ̀yin ń rà á, ẹ tún ń bẹ̀rù asẹ́!

Kí mairie, ilé ìjọba ìbílẹ̀ wa, ra asẹ́ kan tí gbogbo oníwàrà á jọ máa lò, torí ẹnì kan ò lè dá a rà. Kí omi dé ibẹ̀ kí oòrùn tó mú, kó tó bàjẹ́, kí wọ́n sì sanwó fún un ní gálọ́ọ̀nù-gálọ́ọ̀nù. Kí Yunifásítì Abomey-Calavi wá wọn ohun tó wà nínú rẹ̀. Kí asẹ́ tó dé, ẹ fi omi ọjọ́ náà po oúnjẹ adìyẹ. Ohun mẹ́ta mìíràn tún yẹ kó wà: Gálọ́ọ̀nù tó ní ìdérí. Owó yíyá fáwọn obìnrin tó ń ṣe wàrà. Gọ́tà tó ń ṣàn.

Ẹni tó bá tún ní omi lásán ni, kó wá bá mi dúró létí gọ́tà náà lọ́la.