Bàálù Tó Ń Sáré Ju Ìró Lọ: Ta Ni Yóò Wọ̀ Ọ́?

Ilé iṣẹ́ Boom l'Amẹ́ríkà fẹ́ kí bàálù tó ń sáré ju ìró lọ tún máa kó èrò. Wọ́n dán kékeré kan wò ní 2025. Kì í ṣe tuntun. Ní 1976, Concorde ti Air France ń yà ra epo ní Dakar kó tó kọjá sí Brazil. Lọ́ńdọ̀nù sí New York, bíi wákàtí mẹ́ta àbọ̀! Bọ́ọ̀sì Warri kò lè fi ìyẹn dé Èkó, àgàgà tí ọ̀nà Bìní bá bàjẹ́. Àmọ́ ó ń jẹ epo, olówó ló ń wọ̀ ọ́. Ọ̀kan jábọ́ lẹ́bàá Paris ní 2000, èèyàn 113 kú; 2003 ni wọ́n pa á tì. Ní tiwa, owó tíkẹ́ẹ̀tì Osubi sí Èkó ni kí wọ́n kọ́kọ́ bá wa dín.