Kẹ̀kẹ́ Olówó Gọbọi àti Ẹni tí Ó Gùn Ún

Fọ́nrán kábọ́ọ̀nù ni a fi ń ṣe férémù kẹ̀kẹ́ ìdíje olówó ńlá ní ìgbà yìí. Òun náà ni a fi ń ṣe rímù ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Owó òmíràn ju 10,000 dọ́là lọ. Ǹjẹ́ ó yẹ kí ọ̀dọ́ tí ń kọ́ eré náà ná irú owó bẹ́ẹ̀ bí?

Èmi kò sọ pé ẹ̀tàn ni. Láti ọdún 2000 ni àjọ UCI, tí ń ṣe àkóso eré kẹ̀kẹ́ ní gbogbo ayé, ti fi òfin dè é pé ìwọ̀n kẹ̀kẹ́ ìdíje kò gbọdọ̀ dín ní kílò 6.8. Nítorí náà, afẹ́fẹ́ ni àwọn tí ń ṣe kẹ̀kẹ́ wá dojú kọ: wọ́n ń ṣe férémù pẹlẹbẹ, wọ́n sì ń mú kí rímù jinlẹ̀, kí afẹ́fẹ́ má baà fa kẹ̀kẹ́ sẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n ara ẹni tí ó gun kẹ̀kẹ́ ni ó ń dí afẹ́fẹ́ jù, kì í ṣe kẹ̀kẹ́. Ní ọdún 1989, ọwọ́ kẹ̀kẹ́ tí ó jẹ́ kí Greg LeMond na apá síwájú kí ó sì tẹ̀ ba wà lára ohun tí ó ràn án lọ́wọ́ láti fi ìṣẹ́jú-àáyá 8 péré borí nínú Tour de France.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, férémù tí ó bá gíga yín mu ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, àti táyà tí ó dára. Lẹ́yìn èyí, ẹ máa gun kẹ̀kẹ́ lójoojúmọ́. Bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà.