Ológbò Púpọ̀ Nínú Ilé Kan

Àwọn kan ń bẹ láàárín wa tí inú wọn a máa dùn púpọ̀ nígbà tí ológbò mẹ́ta tàbí mẹ́rin bá ń du itan wọn láti jókòó lé. Bí ọ̀kan bá fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ra ẹsẹ̀ wọn, òmíràn a sáré wá, a sì ra ibi kan náà. Bí wọ́n bá gbé funfun, dúdú a ké. Nígbà náà ni olówó wọn a wí fún àlejò pé, "Ẹ wò wọ́n bí wọ́n ti ń jowú nítorí mi! Orogún ni wọ́n." Àlejò a rẹ́rìn-ín, a sì pe èyí tí ń ké, kí ó lè rí ohun tí èkejì yóò ṣe. Ní tèmi, eré yìí kò dára.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ irú ẹran tí ológbò í ṣe. Ajá ti inú ìran ẹranko tí ń dọdẹ ní ẹgbẹ́ wá. Ológbò kò rí bẹ́ẹ̀. Baba ńlá rẹ̀ ni ológbò ìgbẹ́ ilẹ̀ Áfíríkà, ẹranko tí ń dá gbé, tí ń dá dọdẹ, tí kì í sì í bá ẹgbẹ́ rẹ̀ pín eku tí ó bá pa. Eku inú àká ọkà ni ó fà á wá sí ọ̀dọ̀ ènìyàn ní nǹkan bí 10,000 ọdún sẹ́yìn. Ní ọdún 2004 ni àwọn awalẹ̀ kéde egungun ológbò kan tí a sin sí ẹ̀gbẹ́ ènìyàn ní erékùṣù Kípírù, tí ó ti wà níbẹ̀ fún nǹkan bí 9,500 ọdún. Ẹni tí ó bá kó irú ẹran bẹ́ẹ̀ mẹ́rin jọ, tí ó sì gbé àwo kan ṣoṣo kalẹ̀ fún wọn, òun tìkára rẹ̀ ni ó dá ìjà sílẹ̀.

Nítorí náà ni èmi kò ṣe gba àfiwé orogún. Orogún mọ̀ pé ìfẹ́ ni a fi du òun. Ohun tí ológbò mọ̀ ni pé ibi tí ó gbóná, ibi tí oúnjẹ ti ń wá, ti bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Nígbà tí ó bá ń fi ara ra ẹsẹ̀ yín, òórùn ara rẹ̀ ni ó ń fi síbẹ̀ láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti àgbọ̀n rẹ̀. Èkejì tí ó wá ra ibi kan náà ń fi tirẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀. Èmi kò wí pé wọn kò fẹ́ràn yín. Wọ́n fẹ́ràn yín, ṣùgbọ́n ẹ̀yin pẹ̀lú jẹ́ apá kan nínú ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣọ́.

Ìjà tí ó burú jù kì í sì í ṣe èyí tí a ń gbọ́ ariwo rẹ̀. Ẹ wo ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná ní òwúrọ̀. Ológbò kan a jókòó síbẹ̀ jẹ́ẹ́, a tẹjú mọ́ èkejì láì ṣẹ́jú. Èkejì a dúró, a wo ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tí kò wá nǹkan kan, a sì yí padà. Kò sí èékánná, kò sí igbe, ṣùgbọ́n ẹnìkan kò jẹun. Bí ó bá ń rí bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, èyí tí a ṣẹ́gun a máa jẹun ní òru, a máa tọ̀ sí ẹ̀yìn àpótí aṣọ, a máa lá irun ara rẹ̀ títí awọ yóò fi hàn; ní ìkẹyìn a gba ilé ẹlòmíràn lọ. Onílé a ní aláìmoore ni. Mo mọ ilé kan tí èyí tí ó lọ jẹ́ ìyá arúgbó tí ó mọ eku í pa ju gbogbo wọn lọ; kò pẹ́ tí eku fi dá àpò ẹ̀wà lu. Bẹ́ẹ̀ ni eku kì í ṣe ohun àfiṣeré ní ilẹ̀ wa, níbi tí ibà Lassa, tí a kọ́kọ́ mọ̀ ní ọdún 1969, ti ń ti ara rẹ̀ wá.

Kí olúkúlùkù ní àwo tirẹ̀, ní igun tí kò ti ní rí ẹnìkejì rẹ̀ nígbà tí ó bá ń jẹun. Ẹ má sì fi ebi pa wọ́n nítorí eku, nítorí ológbò tí ó yó ṣì ń dọdẹ. Kí ibi gíga wà tí wọ́n lè gùn, kí ẹni tí a dínà mọ́ nísàlẹ̀ lè gba òkè kọjá. Kí dókítà ẹran tẹ akọ ní ọ̀dá, ìtọ̀ ara ògiri yóò sì dínkù. (Abo tí ń ké ní òru, tí àwọn aládùúgbò ń pè ní àjẹ́, akọ ni ó ń wá.) Ní ti ìkẹ́, ẹ ké ọ̀kọ̀ọ̀kan níbi tí àwọn yòókù kò sí, ìṣẹ́jú díẹ̀ tó.

Bí wọ́n bá jà, ẹ má ṣe fi ọwọ́ là wọ́n. Ẹ ju aṣọ bò wọ́n. Ẹni tí wọ́n bá gé jẹ, kí ó fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ó sì lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an, nítorí ológbò pẹ̀lú lè ní àrùn dìgbòlugi.

Ẹni tí ó ti ní méjì tí ń gbé ní àlàáfíà, kí ó rò ó dáradára kí ó tó gba ẹ̀kẹta lọ́wọ́ ọ̀rẹ́. Bí ó bá sì gbà á, kí ó fi í sí yàrá ọ̀tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, kí ó máa gbé àkísà tí ó sùn lé lọ fún àwọn àgbà ilé, kí ó sì gbé tiwọn wá fún un, kí imú wọn lè mọ ara wọn kí ojú tó ṣe mẹ́rin.