Àgbò Tó Fẹ̀yìn Rìn

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àgbò tó fẹ̀yìn rìn, agbára ló lọ mú wá. Ọ̀rọ̀ yìí kì í pẹ́ kúrò lọ́kàn àwọn ènìyàn nígbà tí agbábọ́ọ̀lù tó ti ń fakọ yọ bá ṣe àárẹ̀ láàárín sáà. Àwọn tó ń ṣe sàdáńkátà rẹ̀ lánàá ni yóò kọ́kọ́ pariwo pé ó ti parí fún un, kí wọ́n wá ẹlòmíràn. Ìtàn Hakeem Ọlájuwọ́n, ọmọ Yorùbá tó fi bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n di ìlú-mọ̀ọ́ká lágbàáyé, fi hàn pé irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ máa ń yá jù.

Èkó ni wọ́n bí Ọlájuwọ́n sí ní 1963, níbi tí àwọn òbí rẹ̀ ti ń ta sìmẹ́ńtì. Ó lọ sí Yunifásítì Houston ní Amẹ́ríkà ní 1980, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pẹ̀lú ẹgbẹ́ Houston Rockets ní 1984. Ọ̀nà kò fi gbogbo ìgbà tẹ́jú fún un. Ní oṣù kẹta ọdún 1992, nígbà tí sáà ń lọ lọ́wọ́, àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ náà dá a dúró. Wọ́n ní ó ń díbọ́n ni, pé iṣan itan kò dùn ún. Òun náà ní irọ́ ni, ó sì ní kí wọ́n jẹ́ kí òun máa lọ sí ẹgbẹ́ mìíràn.

Wọn kò jẹ́ kó lọ. Rudy Tomjanovich, akọ́nimọ̀ọ́gbá tuntun tó gba iṣẹ́ lọ́dún náà, fi Ọlájuwọ́n ṣe òpómúléró ẹgbẹ́, ìjà sì parí. Ní 1994, Rockets gba ife ẹ̀yẹ NBA fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ìtàn wọn.

Sáà tó tẹ̀lé e ni ẹ̀kọ́ pọ̀ sí jù. Ẹgbẹ́ náà ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́. Ní ọjọ́ 14, oṣù kejì ọdún 1995, wọ́n mú Clyde Drexler wá láti Portland, ẹni tí òun àti Ọlájuwọ́n jọ gbá bọ́ọ̀lù ní yunifásítì. Tẹ́lẹ̀, méjì tàbí mẹ́ta nínú àwọn alátakò ló máa ń rọ̀gbà yí Ọlájuwọ́n ká. Nígbà tí Drexler dé, ẹgbẹ́ tó bá kó ènìyàn ti Ọlájuwọ́n, Drexler ni yóò fìyà jẹ wọ́n. Oṣù yẹn kan náà ni ààwẹ̀ Ràmàdáánì bọ́ sí. Ọlájuwọ́n gbààwẹ̀, síbẹ̀ òun ni NBA dá lọ́lá gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù tó ta yọ jù lóṣù náà.

Kò tíì pẹ́ lẹ́yìn náà tí àìtó ẹ̀jẹ̀ lára tún dá a dúró fún ìgbà díẹ̀. Rockets jáwé olúborí nígbà 47, wọ́n fìdí rẹmi nígbà 35, ipò kẹfà ni wọ́n sì wà ní apá ìwọ̀-oòrùn. Phoenix fẹ̀yìn wọn gbálẹ̀ nígbà mẹ́ta sí ẹyọ kan, ṣùgbọ́n wọ́n dìde, wọ́n sì borí. Wọ́n borí San Antonio, ẹgbẹ́ David Robinson, ẹni tí wọ́n fi ṣe agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní sáà náà. Wọ́n wá na Orlando lẹ́ẹ̀mẹrin léraléra, wọ́n sì gba ife náà lẹ́ẹ̀kejì.

Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, òsì la fi ń fà á mọ́ra. Nàìjíríà kì í sábà rántí ti ọwọ́ òsì yìí. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2022, nítorí ìjà àwọn aláṣẹ, ìjọba àpapọ̀ yọ orílẹ̀-èdè yìí kúrò nínú ìdíje bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n lágbàáyé fún ọdún méjì. Wọ́n yí ìpinnu náà padà lóṣù tó tẹ̀lé e, ṣùgbọ́n ẹ̀pa kò bóró mọ́: orílẹ̀-èdè Mali ni wọ́n fi rọ́pò D'Tigress nínú ìdíje ife àgbáyé ọdún náà. Àwọn obìnrin tó ti gba ife Áfíríkà ní 2017, 2019 àti 2021 ni ìyà náà jẹ, bẹ́ẹ̀ wọn kò ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Wọn kò tìtorí rẹ̀ káwọ́ gbera. Wọ́n tún gba ife Áfíríkà ní 2023 àti 2025. Ní Paris ní 2024, wọ́n wọ àárín àwọn mẹ́jọ tó kẹ́yìn ní Òlíḿpíìkì, ibi tí ẹgbẹ́ Áfíríkà kankan kò dé rí nínú eré náà.

Agbára wọn ni wọ́n fi dìde. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀ títí. Ó yẹ kí ìjọba àti àjọ tó ń bójú tó eré náà san owó tó tọ́ sí àwọn agbábọ́ọ̀lù lásìkò, kí wọ́n tọ́jú ẹni tó bá fara pa, kí wọ́n sì parí ìjà wọn láìfi ọmọ ọlọ́mọ ṣe ìrúbọ. Àgbò tí wọ́n bá ti pa nígbà tó ń fẹ̀yìn rìn kò lè mú agbára kankan bọ̀.