Ọya Náà Lórúkọ

Nínú bọ́ọ̀sì láti Ẹ̀gbẹ́dá sí Ìkọ̀tún, àwọn àgbà kan ń yin Ọba Kò So, eré olórin ayé ijọ́un. Mo ní, ta ló ṣe Ọya? "Ìyàwó Dúró Ládiípọ̀ ni." Orúkọ ẹ̀ ńkọ́? Kẹ́kẹ́ pa mọ́ wọn lẹ́nu!

Abíọ́dún ni, ẹ̀yin èèyàn wa! Eré náà dé Berlin ní 1964, ó dé Ìlú Ọba ní 1965. Orúkọ ọkọ nìkan là ń ròyìn. Ọkọ kú ní 1978, obìnrin yìí ò jẹ́ kí iná ẹgbẹ́ wọn kú. Àwọn Faransé ń fi Régine Crespin, akọrin orí ìtàgé wọn, yangàn. Ta ní ń béèrè ọkọ ẹ̀?

Ṣàngó ò dá jà láìsí Ọya. Ẹ yéé fi "ìyàwó" bo iṣẹ́ obìnrin mọ́lẹ̀!