DNA tó fẹ́ di wáyà: Ibi tí iṣẹ́ ti há

Gbígbé àbùdá òbí fún ọmọ ni iṣẹ́ tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ DNA. Ṣùgbọ́n ó ti lé ní 25 ọdún tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan ti ń wá bí wọn yóò ṣe fún un ní iṣẹ́ mìíràn: kí ó máa gbé iná kọjá nínú kọ̀ǹpútà bíi wáyà.

Ohun tó fà á kò fara sin. Bí kọ̀ǹpútà ṣe ń kéré sí i ni wáyà bàbà inú rẹ̀ ń tín-ín-rín sí i, bẹ́ẹ̀ bí bàbà bá tín-ín-rín jù, iná kì í fẹ́ gbà á kọjá dáadáa mọ́. DNA ní tirẹ̀ tín-ín-rín láti ilẹ̀. Nǹkan bíi 40,000 rẹ̀ ni a ó tò kí ó tó fẹ̀ tó irun orí kan.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé DNA lásán kì í ṣe wáyà gidi. Lọ́dún 1999, àwọn olùwádìí ní Basel, ní Switzerland, ní iná gbà á kọjá. Lọ́dún 2001, àwọn ti Delft, ní Netherlands, dán tiwọn wò, iná kò kọjá rárá. Ta ni kí èèyàn gbà gbọ́?

Jeremy Lee àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Saskatchewan, ní Kánádà, gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n po DNA mọ́ síǹkì nínú omi tó jọ omi eérú tí a bù là. Síǹkì náà wọ àárín okùn méjèèjì DNA, ó gba ipò háídírójìn tó wà níbẹ̀. M-DNA ni wọ́n pè é, wọ́n sì kéde lọ́dún 2001 pé iná ń gbà á kọjá bí ẹni gba inú irin. Àmọ́ bí wọ́n bá yọ síǹkì náà kúrò, DNA á padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Ṣáájú ìgbà náà, lọ́dún 1998, àwọn ará Technion ní Ísírẹ́lì ti fi fàdákà bo DNA lára. Iná kọjá lóòótọ́, ṣùgbọ́n wáyà náà ti fẹ̀ ju DNA fúnra rẹ̀ lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 50. Títín-ín-rín tí wọ́n torí rẹ̀ wá DNA, òun gan-an ni wọ́n sì pàdánù yẹn.

Èyí tó le jù ni síso wọ́n pọ̀. Wáyà kan ṣoṣo ni wọ́n sábà ń dán wò nínú yàrá ìwádìí, nígbà tí chip kọ̀ǹpútà kan ń lo àìmọye, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ wà ní ipò rẹ̀ láìṣìnà. Títí di òní, sílíkọ́nì àti bàbà ni àwọn ilé iṣẹ́ ṣì ń lò fún fóònù àti kọ̀ǹpútà tó wà lọ́jà.