Ẹ Má Gé Abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò Kúrò Lára Igi Ìdílé

Ní ọ̀pọ̀ ilé ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti ní Àjàṣẹ́, bí wọ́n bá ní kí àwọn àgbà ka ìran wọn, orúkọ ọba ni yóò kọ́kọ́ jáde. Ìjòyè yóò tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà olùkọ́, akọ̀wé ìjọba, àlùfáà àti àlájì. Bí ọ̀rọ̀ bá wá kan ẹni tí ó fi ẹ̀ṣẹ́ jẹun, ohùn yóò rẹlẹ̀. Wọn a ní, "Èyí rìn lọ sí Kútọnù, kò ṣe nǹkan kan," wọn a sì fò ó kọjá. Fífò yìí kò tọ́. Irọ́ ni fún àwọn ọmọ tí ń bọ̀ lẹ́yìn, ó sì lòdì sí àṣà tí àwọn tí ń fo ènìyàn sọ pé àwọn ń dáàbò bò.

Ọmọ Yorùbá kì í tijú ìjà tí a jà pẹ̀lú òfin níwájú èrò. Kò sí ẹni tí yóò ki ọmọ Ọ̀fà kí ó má mẹ́nu kan ìjàkadì. Gídígbò jẹ́ eré àwọn ọ̀dọ́kùnrin tipẹ́tipẹ́ kí òyìnbó tó kó ìbọ̀wọ́ ìjà dé etíkun. Orúkọ tí èdè wa fún oníṣẹ́ yìí pàápàá, abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò, oríkì ni: ẹni tí ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ ń rọ̀ bí òjò. Èdè tí ó bá fi irú orúkọ bẹ́ẹ̀ dá ènìyàn lọ́lá kò kà á sí ẹni ìtìjú.

Àwọn kan ń sọ pé ìtàn ọba ni iṣẹ́ ẹgbẹ́ àṣà, pé ti oníjà kò kan ààfin. Wọn kò ro ó dé ibi tí ó yẹ. Ìdílé ọba márùn-ún ni ó wà ní Kétu, wọ́n sì ń jẹ oyè Alákétu ní ìtòtẹ̀léra. Ó hàn gbangba nígbà náà pé púpọ̀ jùlọ nínú àwọn ọmọ ọba kò ní dé orí ìtẹ́. Wọ́n dáko, wọ́n ṣòwò, wọ́n wọ iṣẹ́ ológun, wọ́n kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Bí àwọn mìíràn bá sì kan ẹ̀ṣẹ́, ọmọ ọba náà ni wọ́n. Ẹni tí ó bá kọ orúkọ àwọn tí ó jọba nìkan, ìtàn oyè ni ó kọ. Kò tíì kọ ìtàn ẹbí. Bàbá Ẹlẹ́gùn tí ń ka orúkọ àwọn Alákétu mọ̀ pé okùn kò gbọdọ̀ já. Kí ló dé tí okùn fi ń já nínú ilé àwọn tí ń yìn ín?

Àwọn yìí kan náà ni inú wọn dùn nígbà tí Anthony Joshua, ẹni tí ìdílé rẹ̀ ti Ṣágámù wá, gba wúrà ní eré Òlíḿpíìkì ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 2012. Wọ́n ní, "Ọmọ wa ni." Ó dára. Ṣùgbọ́n bí ìdí ọmọ ẹni kò tilẹ̀ ṣe bẹ̀bẹ̀rẹ̀, a kì í fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Ẹni tí ó bá ń yan lórí ìgbànú wúrà Joshua tí ó sì ń fi orúkọ àbúrò bàbá rẹ̀ pamọ́, owó àti òkìkí ni ó ń bọ. Kò bọ̀wọ̀ fún ẹ̀jẹ̀.

Ẹ̀kọ́ ńlá wà nínú ìtàn Battling Siki. Saint-Louis ní Sẹ̀nẹ̀gà ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1897, lábẹ́ ìjọba Faransé kan náà tí ó gba Dàhọ̀mì. Ó jagun fún Faransé nínú Ogun Àgbáyé Kìíní, ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1922, ní pápá Buffalo nítòsí Párì, ó lu Georges Carpentier, ààyò àwọn Faransé, bolẹ̀ ní abala kẹfà. Rẹfirí kéde pé Siki rú òfin, ó sì fẹ́ gba ìṣẹ́gun lọ́wọ́ rẹ̀. Èrò hó yèè, àwọn adájọ́ sì dá ẹ̀tọ́ padà fún ẹni tí ó ni ín. Ní ọdún náà gan-an, Blaise Diagne dìde nínú Ilé Aṣòfin ní Párì láti gbèjà rẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 1923, ó pàdánù oyè náà fún Mike McTigue ní Dublin. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1925, wọ́n yìnbọn pa á ní New York. Ikú rẹ̀ kò lẹ́wà, ìgbé ayé rẹ̀ sì ní àbùkù. Síbẹ̀, ní ọdún 1993, wọ́n hú egungun rẹ̀, wọ́n sì gbé e padà sí ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gà. Bí òkú ọdún méjìdínláàádọ́rin bá lè sọdá òkun padà wálé, kí ni ó ń dí orúkọ lásán lọ́nà láti wọ inú ìwé ìran?

Àwíjàre tí ó kù ni pé kò sí ìwé. Ìwé wà fún ẹni tí ó bá mọ bí a ti í wá a. Orúkọ ojú ìjà ni ó kọ́kọ́ ń ṣi ènìyàn lọ́nà: ẹni tí ayé ń pè ní Battling Siki, Louis Phal ni nínú ìwé ìròyìn, Mbarick Fall sì ni nílé; Hogan Bassey tí ó gba oyè àgbáyé ní Párì ní ọdún 1957, Okon Bassey Asuquo ni orúkọ rẹ̀. Ààlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fohùn ṣọ̀kan lé lórí ní ọdún 1889 tún pín ọ̀nà ìkọ̀wé sí méjì. Ẹbí kan náà wà ní Kétu àti ní Ìmẹ̀kọ. Adekunle ní ìhà kan lè di Adékounlé ní ìhà kejì, Adesina a sì di Adéchina. Nítorí náà, kí olùwádìí kọ gbogbo ọ̀nà tí a lè gbà kọ orúkọ náà sílẹ̀. Kí ó bi àwọn opó àti àwọn ọmọbìnrin ilé, nítorí àwọn ni ó ń pa fọ́tò àti àwọn ìwé àtijọ́ mọ́. Kí ó lọ sí ilé àkójọ ìwé ìjọba ní Àjàṣẹ́. Kí ó sì wá inú àwọn ìwé ìròyìn Faransé àtijọ́ tí Gallica ti gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìkìlọ̀ kan kò gbọdọ̀ sọnù. Fífi irọ́ kún igi ìdílé burú bí gígé ẹ̀ka rẹ̀. Ennis ní ilẹ̀ Ireland kò kàn pe Muhammad Ali ní ọmọ rẹ̀ bí ẹni ń dárà. Abe Grady, ẹni tí ó bí bàbá ìyá Ali, ni ó ti ibẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà, ìwádìí ìran sì ni ó fi hàn. Nígbà tí Ali dé ibẹ̀ ní ọdún 2009, ẹ̀rí wà nílẹ̀. Bákan náà ni kí ẹbí kọ ìṣẹ́gun, kí ó sì kọ ìfìdírẹmi. Ẹni tí wọ́n lù bolẹ̀ ní Kútọnù, kí wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Àwọn tí ó rí àwọn oníjà wọ̀nyí sójú ti di arúgbó. Kí ìpàdé ẹbí tí ó ń bọ̀ tó parí, kí a bi wọ́n léèrè: ta ni ó kan ẹ̀ṣẹ́ nínú ilé yìí, orúkọ wo ni ó ń jẹ́ lójú ìjà, ibo ni ibojì rẹ̀ wà? Kí a kọ ìdáhùn wọn sí abẹ́ orúkọ bàbá àti ìyá tí ó bí i, ní àyè tí ó tọ́ sí i láàárín àwọn ọmọ ìyá rẹ̀.